Géèjì, họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀ amòòkùn: ìbéèrè yín nípa wíwọn préṣọ̀, àti ìdáhùn mi

Leicester ni mò ń gbé. Bí ojú ọjọ́ bá gbà ní Sátidé, Stoney Cove ni ẹ óò ti bá mi, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́, tí omi wá kún, tí àwọn amòòkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ di ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lálẹ́ Jímọ̀ tó bá ṣáájú rẹ̀, orí tábìlì ìdáná ni rẹ́gúlétọ̀ mi máa ń wà, pẹ̀lú géèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ti bi mí rí bóyá dòdò ni mo fẹ́ fi dín. Kò jìnnà sí òótọ́, bí ẹ óò ṣe rí i níwájú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mímòòkùn níbí, àti àwọn díẹ̀ láti Èkó, máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí gan-an ni à ń wọ̀n?

Ẹ wo sìlíńdà gáàsì ilé ìdáná yín. Ipá gáàsì inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí sítóòfù lè gbà lọ, ìdí nìyẹn tí rẹ́gúlétọ̀ fi wà lórí rẹ̀ láti bá wa rọ̀ ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti amòòkùn, àfi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni tiwa ń rọ̀ ọ́. Sìlíńdà irin lítà 12 tí a ń lò níbí máa ń gba 232 bar bó bá kún. Taya ọkọ̀ yín kò ju bíi 2.2 bar lọ, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo ohun tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ìpele kìíní, irin tó wà lórí sìlíńdà, ló ń já 232 yẹn wálẹ̀ sí bíi 9 tàbí 10. Ìpele kejì, èyí tí a ń fi eyín dì mú, ló wá ń já a wálẹ̀ sí ohun tí ẹ̀dọ̀fóró lè fà. Préṣọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, nínú họ́ọ̀sì, ni mò ń pè ní préṣọ̀ agbedeméjì. Òun ni à ń wọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ ìdáná: Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé tí òun àti Jacques Cousteau jọ ṣe Aqua-Lung ní 1943, fáàfù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní gáàsì lásìkò ọ̀wọ́n epo ogun ló tún ṣe, tó fi di ohun ìmí abẹ́ omi. Mọ̀lẹ́bí ni rẹ́gúlétọ̀ gáàsì àti tiwa.

Nọ́ńbà wo ló yẹ kí n rí?

Fún ọ̀pọ̀ rẹ́gúlétọ̀, 9 sí 10 bar. Bar kan jẹ́ psi 14.5, nítorí náà bíi 130 sí 145 psi nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tó kọ sílẹ̀ fún irú rẹ́gúlétọ̀ tó bá ṣe. Ìwé tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè mí kí n wá wo rẹ́gúlétọ̀ yín, nọ́ńbà kọ́ ni n óò kọ́kọ́ bèèrè. N óò bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ dúró. 9.2 tó dúró gbagidi tẹ́ mi lọ́rùn ju 9.5 tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Kí ló dé tí ìwé fi ń sọ pé "ju ti àyíká lọ"?

Nítorí pé omi náà ń tẹ̀ wá. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wá ní nǹkan bíi bar kan. Nínú òkun, gbogbo mítà 10 tí a bá wọlé ń fi bar kan lé e.

Ọ̀pọ̀ yín rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé létíkun Nàìjíríà ní oṣù Karùn-ún 2013. Ó lé ní ọjọ́ méjì tó fi wà nísàlẹ̀ omi, ní nǹkan bíi mítà 30, nínú àyè kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí. Òkú ni àwọn amòòkùn rò pé àwọn wá gbé kí wọ́n tó bá a láàyè. Afẹ́fẹ́ tó ń mí níbẹ̀ ti le tó ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè fà á jáde kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Inú ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ń dín préṣọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Rẹ́gúlétọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Ní mítà 30, ìpele kìíní á fi bar 3 kún ohun tó ń gbé jáde, kí 9.5 lè máa jẹ́ 9.5 ju ohun tó ń tẹ amòòkùn lọ. Lórí tábìlì ìdáná ẹ kò ní wàhálà yìí. Àyíká dúró lójú kan.

Géèjì ti wà lára rẹ́gúlétọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Kí ni n óò fi òmíràn ṣe?

Géèjì yẹn, ohun tó kù nínú sìlíńdà ló ń sọ. Ojú rẹ̀ máa ń lọ dé 350 tàbí 400 bar. Ẹ wá 9.5 lójú géèjì 400: abẹ́rẹ́ kò tíì dìde nílẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ní géèjì náà lè ṣìnà pẹ̀lú ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ojú rẹ̀, tí kì í ṣe ohun ìtìjú fún géèjì. Lórí 400, ìyẹn jẹ́ 6.4 bar. Àṣìṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n! Géèjì préṣọ̀ agbedeméjì kì í ju 20 tàbí 25 bar lọ, ìyẹn bíi 300 psi sí òkè díẹ̀. Lórí 25, ìdá kan náà yẹn kò ju 0.4 lọ.

Ẹ má so géèjì kékeré yìí mọ́ ihò tí géèjì ńlá ń lò láéláé. Á fọ́ lójú yín.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé géèjì fọ́kánáísà kò lè ṣe é?

Àbúrò kan ní Èkó ló bi mí, àwọn kan sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì jákẹ́ẹ̀tì wa (ẹ̀wù tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí a lè léfòó), Schrader ni wọ́n ń pè é, ìbátan èyí tó wà lẹ́nu taya ni. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tú dànù nígbà tí a bá yọ họ́ọ̀sì kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò bá ara mu: tírẹ́ẹ̀dì ló wà lẹ́nu taya, tiwa jẹ́ èyí tí a ń tì wọlé títí yóò fi dún "kọ́". Géèjì taya ọkọ̀ kékeré tó parí sí 60 psi, tí 140 bá kọlù ú, ó ti di pàǹtírí. Ti àwọn ọkọ̀ ńlá lè ka 140 lóòótọ́, àmọ́ òróró àti eruku tó ti gbà mọ́ra, n kò fẹ́ kó sún mọ́ ohun tí mo ń mí.

Ẹ má sì yọ ọ̀pá inú fáàfù taya kí ẹ fi rọ́pò ti họ́ọ̀sì wa. Ó jọ ọ́, sípíríǹgì rẹ̀ kò sì jọ ọ́. Bí a ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ fọ́kánáísà: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kò sí fún mímí rárá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ díẹ̀ tó bá yà sẹ́nu rẹ̀ ti tó láti pa ènìyàn lábẹ́ omi.

Báwo ni géèjì ṣe ń so mọ́ họ́ọ̀sì?

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ẹnu họ́ọ̀sì jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi níípù kan sí ìdí géèjì, irú èyí tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì gan-an. Ẹ fa òrùka ẹnu họ́ọ̀sì sẹ́yìn, ẹ ti níípù wọlé, ẹ jù ú sílẹ̀. Kò sí sípánà, kò sí ìlàágùn. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ohun tí họ́ọ̀sì jákẹ́ẹ̀tì sọ ni họ́ọ̀sì ẹnu, èyí tó lọ sí ìpele kejì, náà máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú yàrá kan náà ni gbogbo họ́ọ̀sì kékeré wọ̀nyẹn ti ń mu, bí ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́rin tó ń mu láti inú táǹkì kan.

Níípù kan ò jọ̀kan, ṣá o. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ló wà lára ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì. Òmíràn sanra jù ú lọ. Àwọn jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìpele kejì kún ibi ìfẹ́-afẹ́fẹ́ wọn ló ń lò ó, nítorí afẹ́fẹ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ óò tún rí irú kan tí wọ́n ń pè ní CEJN lára họ́ọ̀sì àwọn aṣọ tí omi kì í wọ̀. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra géèjì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùtà kọ sí lára pé ó bá gbogbo họ́ọ̀sì mu. Mo tì í, ó wọlé. Mi ò gbọ́ "kọ́" kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́ kò já bọ́, mo sì ní ó ti dára. Òrùka ẹnu họ́ọ̀sì kò padà sípò tán; ó ku bí ìbú ìrẹsì kan. Mo ṣí sìlíńdà. Géèjì fò kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì bí òkò, ó lu kẹ́tùlù tó wà lórí sítóòfù. Kẹ́tùlù náà ṣì wà nílé wa, pẹ̀lú àpá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí níípù bá ti dún "kọ́", mo máa ń fà á padà gidigidi kí ọwọ́ mi tó kan fáàfù sìlíńdà, mo sì máa ń wo òrùka náà pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

Ọ̀nà kejì ni géèjì onítírẹ́ẹ̀dì. A ó yọ ọ̀kan nínú ìdérí ihò tó wà lára ìpele kìíní, a ó dè é síbẹ̀. Ìyẹn ló dára fún ẹni tí kò ní họ́ọ̀sì jákẹ́ẹ̀tì, tàbí tí tirẹ̀ jẹ́ irú tó ṣọ̀wọ́n. Irin kan tún wà tó máa ń dúró láàárín họ́ọ̀sì àti ìpele kejì, tí géèjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tún rẹ́gúlétọ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń wọ̀n tirẹ̀ nílé kò nílò rẹ̀.

3/8, 7/16, 1/2: kí ni gbogbo ìyẹn?

Fífẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì ni, ní ínǹṣì. Nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀ lé e ni iye eyín tírẹ́ẹ̀dì nínú ínǹṣì kan. Ihò préṣọ̀ kékeré, tí họ́ọ̀sì ẹnu àti ti jákẹ́ẹ̀tì ń lò, 3/8-24 ni. Ihò préṣọ̀ ńlá, tí géèjì sìlíńdà ń lò, 7/16-20 ni. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ kan ní ihò 1/2-20 kan fún họ́ọ̀sì ẹnu, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbòòrò gbà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé họ́ọ̀sì tí kò lè ru ju préṣọ̀ kékeré lọ sí ojú 232 bar.

Àwọn rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ kò ní ààbò yìí. Láyé ìgbà yẹn, 3/8 náà ni ihò préṣọ̀ ńlá. Bí ẹnì kan bá fún yín ní ọ̀kan nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá lẹ́tà HP (high pressure, préṣọ̀ ńlá) lára irin kí ẹ tó de ohunkóhun mọ́ ọn. Ibi tí HP bá wà, ẹ má gbé géèjì kékeré débẹ̀.

Mo rí géèjì dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ páìpù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣé ó lè wọlé?

Ó lè wọlé díẹ̀, ìṣòro rẹ̀ gan-an nìyẹn. Géèjì ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní tírẹ́ẹ̀dì 1/4 BSP tàbí 1/4 NPT. Èkíní ní eyín 19 nínú ínǹṣì, èkejì ní 18, NPT sì tún ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ síwájú. Bí ẹ bá fi ọ̀kan wá ihò èkejì, á yí lẹ́ẹ̀mejì, á yí lẹ́ẹ̀mẹta, á wá le. Líle yẹn kì í ṣe dídè. Wọ́n ń jẹ ara wọn ni. Idẹ ni ara ọ̀pọ̀ rẹ́gúlétọ̀, ó rọ̀, òun ló sì máa ń pàdánù.

Bí géèjì bá wù yín lóòótọ́, ẹ ra ìsopọ̀ tí apá kan rẹ̀ jẹ́ 3/8-24, tí èkejì bá ìdí géèjì mu. Ẹ bèèrè orúkọ tírẹ́ẹ̀dì náà lẹ́nu olùtà. Bó bá ní "èyí tó wọ́pọ̀ ni", ẹ kí i pé ó dìgbà. Ní ojú 3/8, oríìngì, òrùka rọ́bà kékeré, ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró, kì í ṣe téèpù funfun àwọn púlọ́mbà. Téèpù á já wẹ́wẹ́, á sì bá afẹ́fẹ́ wọ ibi tí ẹ ò fẹ́.

Ṣé DIN tàbí A-clamp ń yí nọ́ńbà padà?

Rárá. Bí rẹ́gúlétọ̀ ṣe ń di sìlíńdà mú lásán nìyẹn. A-clamp, tó ń gbá fáàfù mú láti ìta, parí sí 232 bar. DIN ni a ń yí wọnú fáàfù: ti 200 bar ní tírẹ́ẹ̀dì márùn-ún, ti 300 ní méje. Rẹ́gúlétọ̀ DIN 300 á wọ fáàfù méjèèjì. Ti 200 kò ní dé ìsàlẹ̀ fáàfù 300, kò sì ní dì. Bí tiyín kò bá wọ fáàfù kankan nínú méjèèjì, ó lè jẹ́ M26 ni, tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù fún sìlíńdà tí ọ́síjìn rẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ẹ má fi agbára tì í.

Kí ni kí n ṣe kí n tó ṣí sìlíńdà?

Ẹ rí i dájú pé ìpele kejì wà lẹ́nu họ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele kejì kì í ṣe ohun ìmí nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ́gúlétọ̀, bí ìpele kìíní bá bàjẹ́ tí préṣọ̀ sì ń ga, fáàfù ìpele kejì á ṣí fúnra rẹ̀, á máa tú afẹ́fẹ́ dànù. Ariwo rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n àánú ni. Mo ti yọ tèmi nígbà kan láti fọ̀ ọ́, mo wá ní kí n yára wọn préṣọ̀ kó tó gbẹ. Géèjì nìkan ló wà lára họ́ọ̀sì, ihò yòókù ti dí. Ìpele kìíní yẹn ní àìsàn tí n kò tíì mọ̀. Abẹ́rẹ́ kọjá 10, ó kọjá 15, ó lọ fara ti òpin ojú géèjì, ó sì tẹ̀ síbẹ̀. Mo ti fáàfù pa tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Họ́ọ̀sì kò bẹ́, mo dúpẹ́. Géèjì ti kú. Àwọn ìpele kejì kan wà tí fáàfù wọn ń ṣí lódìkejì, tí wọn kì í tú afẹ́fẹ́ báyìí. Rẹ́gúlétọ̀ tó ń bá wọn lọ gbọ́dọ̀ ní fáàfù ìdáàbòbò tirẹ̀, ẹ má sì gbé e wá sórí tábìlì láìka ìwé rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ dojú gíláàsì géèjì ńlá bolẹ̀ tàbí kí ẹ yí i síbi tí kò sí ènìyàn. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò. Ẹ ṣí fáàfù sìlíńdà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ìkókó ń sùn sí.

Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n gan-an?

Sìlíńdà tó kún, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí fáàfù bá ti ṣí, abẹ́rẹ́ á gòkè, á sì dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ojú ìpele kejì kí afẹ́fẹ́ jáde "fùù", ẹ fi sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ á já, á tún padà sókè. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá. Ohun tí ojú ń wá ni pé kó padà kíákíá, kó sì padà síbì kan náà. Abẹ́rẹ́ tó yá máa ń padà bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tó ń fà sẹ́yìn, tó ń dé 9 kó tó ronú kó tó dé 9.4, nǹkan ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú: iyọ̀ lè wà níbẹ̀, gírísì lè ti gbẹ.

Lẹ́yìn náà ẹ fi sí ẹnu, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ á máa rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fà á, bíi bar kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku apá tí kò wu ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa wò ó.

Abẹ́rẹ́ mi ń yọ́ gòkè. Ṣé ó burú?

Ó dá lórí bó ṣe ń lọ. Bó bá fi ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá bar gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, tó sì dúró, ó ń wá ibi ìjókòó ni. Rẹ́gúlétọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ síìtì rẹ̀, ìjókòó fáàfù inú rẹ̀, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí síìtì yóò fi bá ẹnu fáàfù mọ́ra. Èyí tí kò dúró ni ká bẹ̀rù.

Mo gba rẹ́gúlétọ̀ kan padà lọ́wọ́ àwọn tó tún un ṣe, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ wọn, ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Lálẹ́ Jímọ̀ yẹn, 9.4 ni mo kọ sílẹ̀. Mo lọ sọ iná ìrẹsì kalẹ̀, mo padà, 9.9. Mo rò pé ojú mi ni. Mo fi bírò pa àmì sára gíláàsì géèjì níbi tí abẹ́rẹ́ wà, mo jókòó tì í. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ti kúrò lábẹ́ àmì náà. Nígbà tó di ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti kan 11.3, ìpele kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún "sìì" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ejò tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó já padà sí 9.4. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Síìtì ni. Nǹkan róbótó kékeré kan ni, ṣiṣu líle, tí ẹnu fáàfù tó mú bí abẹ ń jókòó lé. 232 bar kò sinmi, ó ń wá ọ̀nà. Bí ìlà tín-ín-rín kan bá wà lára síìtì, tàbí tí iyọ̀ bá há sí ibẹ̀, á máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, ìlà kan wà lára síìtì bí ibi tí èékánná ti ha ọṣẹ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí tí àṣírí rẹ̀ kì í fi tètè tú lábẹ́ omi ni pé à ń mí lemọ́lemọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá fà á ni à ń já préṣọ̀ náà wálẹ̀ kó tó ga. Ìgbà tí ẹ bá jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, tí sìlíńdà ti ṣí, tí ẹ ń dúró de ẹni tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tú. Ẹ lè ti pàdánù afẹ́fẹ́ púpọ̀ kí ẹ tó kan omi.

Nígbà tí sìlíńdà kún, 9.6. Nígbà tó ku 50 bar, 8.7. Èwo ni òótọ́?

Méjèèjì. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ písítìn tó rọrùn jù, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, préṣọ̀ sìlíńdà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń ti písítìn wọn ṣí. Bí sìlíńdà bá ń ṣófo, préṣọ̀ agbedeméjì náà á máa rẹlẹ̀, ìwé wọn á sì sọ iye tó yẹ kó jẹ́ lápá méjèèjì. Àwọn tó gbówó lórí jù ni wọ́n ṣe kí préṣọ̀ sìlíńdà má lè darí wọn. Tiwọn kò yẹ kó yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú sìlíńdà tó kún àti èyí tó ń lọ sópin. Ẹni tó bá wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ti rí ìdajì.

Abẹ́rẹ́ dúró dáadáa, síbẹ̀ ìpele kejì ń tú afẹ́fẹ́.

Nígbà náà ẹ fi ìpele kìíní sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Ìpele kejì ni wọ́n ti tò ó kó máa yára ṣí jù, tàbí síìtì tirẹ̀ ti gbó.

Ẹ lè wò ó pẹ̀lú abọ́ omi. Ẹ mú ìpele kejì, kí ẹnu tí a ń fi eyín mú kọjú sókè, kí bọ́tìnnì kọjú sísàlẹ̀, ẹ wá máa rì í sínú omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láì jẹ́ kí omi bo ẹnu rẹ̀. Omi á máa ti awọ rọ́bà inú rẹ̀. Ní ibì kan ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ fi rúlà wọn bí awọ yẹn ṣe jìn sí ojú omi tó: sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 4 ni ó sábà máa ń jẹ́ fún èyí tí wọ́n tò dáadáa. Bí omi kò bá tíì kàn án tó ti ń dún, ó yára jù. Bó bá jìn gan-an kó tó dún, ẹ óò máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó mí. Èmi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí púpọ̀, torí abọ́ àti rúlà wà nílé gbogbo ènìyàn.

Gbogbo nọ́ńbà dára nílé, ó wá tú yàà nínú omi tútù.

Tábìlì ìdáná kò lè sọ èyí fún yín. Afẹ́fẹ́ tó bá já láti 200 sí 10 lójijì máa ń tutù gan-an, bẹ́ẹ̀ ni omi Stoney Cove nígbà òtútù ti rẹlẹ̀ ju 10°C lọ fúnra rẹ̀. Yìnyín á dì yí sípíríǹgì ká, fáàfù kò ní lè padé dáadáa, préṣọ̀ agbedeméjì á gòkè, ìpele kejì á ṣí. Ẹ wo ara rẹ́gúlétọ̀ yín: lábẹ́ òṣùwọ̀n EN 250 ti Yúróòpù, èyí tí wọn kò fọwọ́ sí fún omi tútù máa ń ní àmì ">10°C" lára. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé e lọ sí òkun gbígbóná.

Ṣé mo lè fi sípánà yí i padà fúnra mi?

Wíwọ̀n kì í ṣe àtúnṣe. Nínú àwọn rẹ́gúlétọ̀ kan, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa yí ni, nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé yín lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Mo mọ ẹnì kan tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ń yọ́ gòkè láti 9.5, ló bá yí i wálẹ̀ sí 8.5 kó lè pẹ́ kó tó dé ibi tí yóò ti dún. Ó bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá tíì jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kẹ́kọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé ìwé àti rẹ́gúlétọ̀ lọ bá a. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fetí sílẹ̀ fún ẹni tó bá wí pé "9.4 sí 11.3 ní ìṣẹ́jú márùn-ún" ju ẹni tó ní "ó ń ṣe mí bákan" lọ.

Ìgbà wo ni kí n máa wọ̀n?

Lọ́jọ́ tí ó bá ti ọwọ́ alátùn-únṣe dé, kí ẹ tó rìnrìn àjò, àti nígbà tó bá ti pẹ́ nínú àpótí. Èmi ń wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀, kò pọn dandan.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé géèjì fúnra rẹ̀ kò purọ́?

Ẹ so ti ẹlòmíràn mọ́ họ́ọ̀sì kan náà, kí ẹ wo méjèèjì. Bí abẹ́rẹ́ kò bá padà sí òdo nígbà tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, tàbí tó ti ṣubú lulẹ̀ rí, ẹ ra òmíràn. Géèjì tó ń fi 0.3 parọ́ lójoojúmọ́ ṣì lè sọ fún yín bóyá abẹ́rẹ́ dúró, àmọ́ ẹ má fi í to nǹkan kan.

Ṣé mo lè fi géèjì sílẹ̀ lára họ́ọ̀sì wọ inú omi?

Rárá. Ẹ ti sìlíńdà pa, ẹ tẹ bọ́tìnnì títí abẹ́rẹ́ yóò fi kan òdo, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sínú àpò rẹ̀. Kí ẹ sì so họ́ọ̀sì jákẹ́ẹ̀tì padà sí àyè rẹ̀. Mo ti dé etí omi rí láì ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo ń tẹ bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì lásán, tí àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń wò mí.